Ìgbéyàwó Inú Lífìtì

Bàbá Akọ̀wé ti so tọkọtaya pọ̀ nílé ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó títí irun orí ẹ̀ fi funfun. Ó ti rí ìyàwó tó sá lọ, ó ti rí ọkọ tó dákú, ó ti rí ẹlẹ́rìí tó sùn lọ tó ń hanrun nígbà tí wọ́n ń búra. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó sọ èyí tó dùn jù, ti inú lífìtì ló máa ń sọ. Á dìde dúró, á ká apá mọ́ àyà bí ẹni tí àyè há mọ́, á fi ẹnu ṣe ìró fáànù, á wá sọ bí òun ṣe so ọkùnrin tó ń tún lífìtì ṣe pọ̀ mọ́ obìnrin tó ń rán kọ́tìnnì láàárín àjà kẹta àti àjà kẹrin, níbi tí ẹ̀rọ náà dákú sí. Àwọn tó ń gbọ́ ọ á máa di ìhà mú. Obìnrin oníkọ́tìnnì náà gan-an, tó bá wà níbẹ̀, òun ló máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Ẹ̀rín náà kò tọ́jọ́, ẹnu Bàbá Akọ̀wé náà ló sì pa á. Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí.

Oníkọ́tìnnì la ó máa pe obìnrin náà, torí bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, maṣíìnì ìránṣọ kan, tábìlì gígùn kan, àti téèpù tí kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀. Ó lè wo fèrèsé láti òpópónà kó sọ bí aṣọ tó máa gbà ṣe pọ̀ tó. Lọ́jọ́ kan ó ru kọ́tìnnì lọ sí ọ́fíìsì kan lókè ilé gíga, lífìtì sì dúró sáàárín ọ̀nà, iná kú. Ó gbá ilẹ̀kùn, ó pariwo. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó dáhùn, ó jókòó ti ẹrù ẹ̀, ó ń ronú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó ti dá láyé.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ ní sùúrù," ni ohùn náà wí. Ó béèrè bóyá obìnrin náà nìkan ló wà níbẹ̀ àti ohun tó gbé dání. Oníkọ́tìnnì ní kọ́tìnnì ni. Ohùn náà ní kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó jókòó lé e, torí ó máa pẹ́ díẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi fọ̀ ọ́?" ni obìnrin náà dáhùn.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Oníkọ́tìnnì máa ń sọ nígbà tó yá pé ẹ̀rín lòun kọ́kọ́ mọ̀ lára ẹ̀ kóun tó mọ ojú. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń tú ilẹ̀kùn, kò dákẹ́. Ó ń sọ ohun tó ń ṣe fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò, títí ẹ̀rù fi kúrò lára ẹ̀. Ibi tó ti mọṣẹ́ jù nìyẹn. Kó tó fọwọ́ kan irinṣẹ́, á kọ́kọ́ gbé etí lé ilẹ̀kùn. Ó lè mọ̀ látinú ohùn ẹni tó fẹ́ dákú, ẹni tó ń bínú, àti ẹni tó kàn ń ṣe àṣejù. Ọ̀rọ̀ tó máa ń fi bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n sọ di orúkọ fún un. Sùúrù ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Sùúrù bá a ru kọ́tìnnì dókè, ó sì ní kó wá wọn fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tòun náà. Oníkọ́tìnnì lọ lọ́jọ́ kejì. Ó wo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò rí fèrèsé kankan.

"Ẹ bá mi rán an ná," ni Sùúrù wí, ojú ń tì í. "Màá wá fèrèsé."

Oníkọ́tìnnì rán an, aláwọ̀ aró, ó sì fara balẹ̀ ṣẹ́ ẹ létí ju bó ṣe yẹ kéèyàn ṣẹ́ kọ́tìnnì ara ògiri lọ. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Oníkọ́tìnnì ni agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ àdúgbò. Opó ni. Akunlé ni ọkọ ẹ̀ nígbà ayé ẹ̀. Àwọn ilé gíga ló máa ń kùn, lórí pákó tí wọ́n fi okùn so rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó nawọ́ sí ibì kan tí ọ̀dà kò kàn, kò sì padà wálé mọ́. Ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé ni. Láti ìgbà náà ni ìyá náà ò ti gun òkè ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Aboyún tó bá ń rọbí lókè, àwọn ará ilé ẹ̀ á gbé e sọ̀kalẹ̀ wá bá a, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bi í léèrè ìdí.

Àbúrò bàbá Oníkọ́tìnnì obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, ló ṣe alárinà. Òun ló mú Sùúrù wá kí ìyá. Ìyá gbà wọ́n dáadáa, ó fún wọn lómi, ó béèrè ará ilé, ó wá béèrè iṣẹ́. Àǹtí ti yára ní inú ilé ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, oòrùn ò pa á, òjò ò pa á. Ìyá ò wo Àǹtí. Ojú Sùúrù ló ń wò.

"Tó o bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ló máa ń wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ?"

Àǹtí ṣẹ́jú sí i pé kó wá nǹkan sọ. Sùúrù ò mọ irọ́ pa nígbà náà.

"Afẹ́fẹ́ ni, Màmá."

Ìyá dìde, ó wọ ilé ìdáná, kò sì jáde mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Àǹtí lọ, ó bọ̀, títí bàtà ẹ̀ fi jẹ nídìí. Èsì kan náà ni ìyá ń fún un: òun ò ní ọmọ náà burú o, ṣùgbọ́n òun ò ní fa ọmọ òun lé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí kòtò lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ ọmọ ẹ̀ pé kó yẹra fún ọkùnrin náà fúngbà díẹ̀, kó wò ó bóyá ọkàn ẹ̀ á kúrò níbẹ̀. Oníkọ́tìnnì kì í ṣe ọmọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá ẹ̀ lẹ́nu. Ó yẹra. Ó ń ránṣọ, ó ń tú u, torí ọkàn ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà mìíràn á ní bóyá ìyá òun rí ohun tí òun ò rí. Nígbà mìíràn á ní ọkọ ìyá òun ló ṣubú, kì í ṣe tòun. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú u.

Ó wá di ọjọ́ kan, ó ń lọ wọn fèrèsé oníbàárà kan, ọ̀nà sì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Sùúrù. Ó ní òun ò ní wo ibẹ̀. Ó wò ó. Wọ́n ti dá fèrèsé sára ògiri tí kò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀, sìmẹ́ǹtì etí ẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa, kọ́tìnnì aláwọ̀ aró sì wà níbẹ̀, ó ń mì. Oníkọ́tìnnì dúró lójú títì títí ẹlẹ́rù kan fi ní kó yà fóun. Kò dé ọ̀dọ̀ oníbàárà náà mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ láìsọ fún ìyá. Àǹtí ló ní ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ tán, ẹ̀bẹ̀ ló kù, ìyá kan ò sì lè bínú títí kó gbàgbé ọmọ. Gbọ̀ngàn ìgbéyàwó wà lájà kẹrin. Lọ́jọ́ náà, Bàbá Akọ̀wé lọ jẹun nísàlẹ̀, ó pẹ́ kó tó dé. Ọjọ́ yẹn ló sì máa ṣiṣẹ́ kẹ́yìn kó tó lọ fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Ó dé tòun ti ìwé ńlá ẹ̀ lábíyá, ó ní kí gbogbo wọn tètè máa bọ̀ nínú lífìtì, ilé ti fẹ́ tì. Àwọn márùn-ún ló wọlé: òun, ọkọ, ìyàwó, Àǹtí, àti ọ̀rẹ́ Sùúrù kan tó máa ṣe ẹlẹ́rìí kejì.

Lífìtì náà gòkè, ó kọjá àjà kẹta, ó gbọ̀n, ó dúró. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, arúgbó ẹ̀rọ ni. Sùúrù, tó gbé ẹ̀yìn ti ibi tí bọ́tìnnì wà, ní kí wọ́n ní sùúrù. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, torí orúkọ ẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni Bàbá Akọ̀wé máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀. Fáànù ń pariwo, ooru mú, aago ń lọ. Wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan ń gbá ilẹ̀kùn lókè wọn lọ́hùn-ún; Sùúrù ní àwọn tó ń dúró de lífìtì ni. Àǹtí bá ní ṣebí ẹni tó ń so wọ́n wà níbí, àwọn tó fẹ́ so wà níbí, ẹlẹ́rìí wà níbí, kí ló tún kù? Àánú ṣe Bàbá Akọ̀wé. Ó ṣí ìwé lé ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ Sùúrù, ó bi wọ́n, wọ́n dáhùn, wọ́n fọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe ṣe tán báyìí ni Sùúrù tẹ nǹkan, lífìtì gòkè, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Ìyá ló dúró níwájú ilẹ̀kùn; ẹnì kan ti ta á lólobó. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ pọ́n. Àjà mẹ́rin ló fi ẹsẹ̀ gùn, obìnrin tí kì í gun òkè. Bàbá Akọ̀wé kí i kú oríire. Ìyá wo Sùúrù, ó wo ọmọ ẹ̀, ó sì di irin àtẹ̀gùn mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kò bá wọn jà. Bí wọ́n bá lọ kí i, ó ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n kò tẹ ilé wọn rí, kò sì pe Sùúrù ní ọkọ ọmọ òun.

Ohun tó ju ọdún kan lọ kọjá. Ayé àwọn méjèèjì dára. Sùúrù ń tètè wálé, Oníkọ́tìnnì ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ìta kí ara ẹ̀ tó balẹ̀. Bàbá Akọ̀wé wá fẹ̀yìn tì. Wọ́n kó àga jọ fún un ní ọ́fíìsì ẹ̀, wọ́n ní kó sọ ti inú lífìtì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dìde, ó ká apá mọ́ àyà. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi agbẹjọ́rò kan, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Oníkọ́tìnnì.

Ó rọra béèrè bóyá wọ́n tún so wọ́n nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn. Bàbá Akọ̀wé ní kí ni wọ́n tún fẹ́ so. Ó béèrè bóyá ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Akọ̀wé ní ilẹ̀kùn wo, ti lífìtì tó dákú? Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. Ó jókòó, ó gbé omi mu.

Lọ́jọ́ kejì, tọkọtìyàwó náà lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò. Ó ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òfin ibẹ̀ ní inú gbọ̀ngàn tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè wọlé wá sọ ọ́. Bí àwọn méjèèjì bá mọ̀ pé ibi tí wọ́n wà kì í ṣe gbọ̀ngàn, tí wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀, òfo ni.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?" ni Sùúrù bi í.

"Rárá o. Ohun tó wà ló ń bàjẹ́. Tiyín ò fìgbà kan wà."

Oníkọ́tìnnì wo ọwọ́ ara ẹ̀. Bó ṣe jí láàárọ̀, adélébọ̀ ni. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti di omidan. Agbẹjọ́rò ní kò le, kí wọ́n lọ kéde, kí wọ́n tún un ṣe. Sùúrù ti ń dìde. Oníkọ́tìnnì ò dìde. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn ló dúró sí i lọ́kàn. Kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè wọlé. Ó ń rántí ọwọ́ ìyá ẹ̀ tó pọ́n. Ó sì ń rántí nǹkan mìíràn, bí Sùúrù ṣe tẹ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹ̀rọ tó dákú sì gbéra bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Nígbà náà, ọkọ tó mọṣẹ́ ló wú u lórí.

Wọ́n délé. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àga ìránṣọ ẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo dá lífìtì yẹn dúró?"

Sùúrù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè ní rárá. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Èmi ni."

Ó ní bí ilẹ̀kùn ṣe ń padé nísàlẹ̀, òun rí ìyá tó ń bọ̀ láti ẹnu géètì, tó dorí kọ àtẹ̀gùn. Ó ní òun mọ̀ pé bí ìyá bá lè gun àtẹ̀gùn yẹn, ohun tó fẹ́ sọ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yìn òun ti wà lára bọ́tìnnì. Òun kàn fi tì í ni. Nígbà tí wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn, òun mọ ẹni tó ń gbá a, òun ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lábẹ́ ariwo fáànù.

"Mo rò pé tó bá bá ẹ sọ̀rọ̀, o máa tẹ̀lé e lọ sílé."

"Ta ló sọ fún ẹ pé màá tẹ̀lé e?"

"Ẹ̀rù ni."

Ó dun Oníkọ́tìnnì dé ọkàn, ó sì sọ ọ́. Ó ní òun gbójú lé e pé lójú ìyá òun, lójú gbogbo ayé, òun ló yan Sùúrù. "Ó ṣeé ṣe kí n ṣí ilẹ̀kùn fún ìyá mi, kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tán, kí n sì ní ìwọ náà ni mo fẹ́. O ò jẹ́ ká mọ̀. Ìwọ tí wọ́n ń pè ní Sùúrù."

Ó di aṣọ ẹ̀ díẹ̀, ó gbé maṣíìnì ẹ̀, ó kọrí sílé ìyá ẹ̀. Kò sí òfin tó lè ní kó padà, torí kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni.

Inú ìyá dùn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì fi pamọ́. Ó ní òfin ti ṣe ohun tí ẹnu òun ò ká. Ó ń kọrin nídìí iṣẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i tí ọmọ ẹ̀ ń rán etí aṣọ kan, tó ń tú u, tó tún ń rán an, orin náà rọlẹ̀. Oníkọ́tìnnì wá sọ ti bọ́tìnnì fún un, ó ń retí kí ìyá ẹ̀ lanu. Ìyá ò lanu.

"Mo mọ̀. Ojú wa pàdé kí ilẹ̀kùn tó padé. Ó rí mi."

Oníkọ́tìnnì gbé aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀. Ó béèrè ìdí tí kò fi sọ fóun láti ìgbà yẹn.

"Tí mo bá sọ, o máa gbè é lẹ́yìn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ níyàwó ni. Ilẹ̀kùn kan ti tì mọ́ mi lójú. Mi ò fẹ́ kí tìẹ náà tún tì."

Oníkọ́tìnnì ò mọ ẹni tí ì bá bínú sí mọ́. Ọ̀kan tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ọ̀kan mọ̀ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó sì pa ẹnu mọ́. Ìfẹ́ làwọn méjèèjì sì ń pè é. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹ̀.

Àǹtí tún wọ bàtà alárinà. Ó ní kí Sùúrù kó àgbààgbà jọ, kí wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀. Sùúrù ní rárá, ẹni tí òun ṣẹ̀ kọ́kọ́ ni òun máa kọ́kọ́ lọ bá. Ó lọ lóun nìkan, lọ́sàn-án. Ìyá rí i láti fèrèsé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Oníkọ́tìnnì wà ní yàrá inú, ó ń fi ìkọ́ sí kọ́tìnnì oníbàárà. Ó gbọ́ tí Sùúrù dúró lójúde. Kò kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń bá àwọn tó há sínú lífìtì sọ̀rọ̀ náà ni.

"Màmá, mi ò wá bẹ ẹ̀bẹ̀ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gun òkè wá sọ lọ́jọ́ yẹn, tí mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ sọ, mo wá gbọ́ ọ ni."

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó náà, wọ́n ti bẹ ìyá, wọ́n ti bá a wí, wọ́n ti fi ẹjọ́ ẹ̀ sun àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó bi í pé kí lo fẹ́ sọ. Ọmọ ẹ̀ náà ò bi í. Ìyá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn díẹ̀ sí i, ó wá ṣí i, ó sì ní kó jókòó.

Ó ní lọ́jọ́ tí ọkọ òun kú, ó ní kóun gbé omi kaná, òun á wẹ̀ bóun bá dé, ibì kékeré kan ló kù kóun kùn. Òun gbé omi kaná. Ó gbẹ, òun bu òmíràn sí i. Ìyẹn náà gbẹ. Wọ́n ti wá sọ fóun lójú òun báyìí, àwọn èèyàn ti kún ilé, òun ṣì ń bu omi sí ìkòkò. "Mo sọ fún ọmọ mi pé bàbá ẹ̀ ṣubú. Mi ò sọ ti omi fún un rí. Mo ní kó gbọ́ ọ kó tó fọwọ́ síwèé, kó mọ ohun tí èèyàn fi ń dúró de ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, kó ṣe bó ṣe wù ú. Ìyẹn ni mo gun òkè wá sọ."

Ní yàrá inú, ọwọ́ Oníkọ́tìnnì ti dúró lórí ìkọ́ kan. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, kò nù ún.

Sùúrù dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja, ó ní òun ṣe é níṣẹ́ ibi. Ìyá béèrè bóyá ó máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

"Mi ò ní purọ́ fún yín, Màmá. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Mò ń so okùn mọ́ ìbàdí nígbà gbogbo, màá sì máa so ó. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà ṣì ni."

Ìyá wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ó kéré tán, irọ́ náà kò tíì mọ́ ọn lára.

Oníkọ́tìnnì jáde wá, ojú ẹ̀ pọ́n, ìkọ́ kọ́tìnnì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ kéde ní ilé ìforúkọsílẹ̀. Sùúrù fẹ́ dìde. Ó ní kó jókòó. "Mi ò ní màá sọ bẹ́ẹ̀ ni o. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n bi mí níbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí."

Nígbà tí ọjọ́ ìkéde pé, wọ́n pàdé nísàlẹ̀ ilé náà. Lífìtì ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Ìyá ló ṣáájú lórí àtẹ̀gùn, ó di irin mú, kò wo ìsàlẹ̀. Sùúrù tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i. Ní àjà kọ̀ọ̀kan, ìyá á dúró mí, gbogbo wọn á sì dúró. Akọ̀wé tuntun, obìnrin tí kì í ṣeré, ti fi àga ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn kó má bàa padé. Bàbá Akọ̀wé wà lẹ́yìn, òun àti Àǹtí ni ẹlẹ́rìí, kò sì sọ ìtàn kankan.

Akọ̀wé béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ tó lè dí ìgbéyàwó náà lọ́wọ́. Ìyá dìde. Àǹtí di orí mú.

Ìyá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti pákó, ti okùn, ti omi tó ń gbẹ nínú ìkòkò. Kò gbé ohùn sókè. Àwọn tó ń kọjá lọ lóde dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó sọ ọ́ tán, akọ̀wé bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ní òun kẹ́dùn, ṣùgbọ́n òfin ò ka ìyẹn mọ́ ìdíwọ́.

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Kó sáà ti wọ etí wọn." Ó sì jókòó.

Akọ̀wé bi Sùúrù, Sùúrù dáhùn. Ó wá kọjú sí Oníkọ́tìnnì, ó bi í bóyá ó gba ọkùnrin yìí.

"Ẹ ní sùúrù," ni Oníkọ́tìnnì wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn. Ó rí àga tí wọ́n fi tì í, ó rí àtẹ̀gùn lẹ́yìn ẹ̀, ó mọ̀ pé bóun bá dìde báyìí, kò sẹ́ni tó máa di òun lọ́wọ́ mú. Ó wo ìyá ẹ̀. Ìyá ò mi orí, kò sì ṣẹ́jú. Ó rò ó wò bí omi ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò, àti bó ṣe máa rí kóun jókòó tì í. Òógùn ti bo Sùúrù lójú. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹlòmíràn láti ìta. Ọjọ́ yẹn ló mọ bó ṣe ń rí létí ẹni tó há sínú.

Akọ̀wé ò tún ìbéèrè bi. Oníkọ́tìnnì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí ọkàn ẹ̀ fi balẹ̀, títí ó fi dá a lójú pé ẹ̀rù kọ́ ló ń sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe àánú.

Ó ní òun gbà á. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gba ibẹ̀ jáde.